Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Export Fídíò, àti Ohun Tí Kò Yẹ Kí Ẹ Máa Ṣe

Fídíò kọ̀, kò ṣí. Tàbí kẹ̀, ohùn ń lọ lọ́tọ̀, ẹnu ń lọ lọ́tọ̀. Ojú export, ibi tí a ti ń mú fídíò tí a gé tán jáde bí fáìlì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá lọ. Wọ́n á yí èyí, wọ́n á yí tọ̀hún, wọ́n á tún tẹ bọ́tìnì, wákàtí kan á sì tún lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà tí fáìlì yẹn ń wọlé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ibi ìjáde ló kàn ti hàn sí wa.

Ẹ má fi ìparí orúkọ fáìlì ṣe ẹ̀rí

MP4, MOV, MKV àti AVI kì í sọ bí àwòrán inú fáìlì ṣe rí. Àpótí ni wọ́n. Codec ni ọgbọ́n tí wọ́n fi fún àwòrán inú àpótí náà pọ̀ kó má baà gba àyè jù. Nínú àwọn codec, H.264 ti wà láti 2003, H.265 tí wọ́n tún ń pè ní HEVC dé ní 2013, AV1 sì tẹ̀ lé e ní 2018. Fídíò méjì lè jọ máa jẹ́ MP4, kí kọ̀ǹpútà ṣí èyí tó jẹ́ H.264 wẹ́rẹ́, kó sì kọ èyí tó jẹ́ HEVC. Windows, bí àpẹẹrẹ, lè ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ wá àfikún HEVC. Ẹni tó bá ní “MP4 ni mo fi ránṣẹ́, kí ló dé tí kò ṣí?” kò tíì sọ ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀ fún wa.

Ẹ má sì pa .mkv rẹ́ ní ìparí orúkọ kí ẹ wá kọ .mp4 síbẹ̀. Orúkọ nìkan lẹ yí. Nígbà míì fídíò yẹn á ṣì ṣí nínú VLC (sọ́fítíwíà tí a fi ń wo fídíò), torí VLC ń wo inú fáìlì fúnra rẹ̀, ìyẹn ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ. Sọ́fítíwíà tí ẹ fi ń gé fídíò lè má gbà á rárá. Ẹ fi sọ́fítíwíà MediaInfo wo ohun tó wà nínú fáìlì náà, ọ̀fẹ́ ni. Tàbí kí ẹ ṣí i nínú VLC, kí ẹ lọ sí Tools, kí ẹ tẹ Codec Information. Bó bá jẹ́ àpótí nìkan ni kò bá yín lára mu, ẹ ṣe remux: a ó kó àwòrán àti ohùn bí wọ́n ṣe wà sínú àpótí mìíràn. Kì í pẹ́, kò sì ba ohunkóhun jẹ́, torí kò sí ohun tí a tún fún pọ̀. OBS Studio, sọ́fítíwíà tí a fi ń gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ní in lábẹ́ File.

A ti ń sọ̀rọ̀ OBS, ẹ má fi MP4 lásán gba ohun tí ẹ kò lè tún gbà. Ìparí iṣẹ́ ni MP4 sábà máa ń kọ àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí frame (àwòrán ẹyọ kan nínú fídíò) kọ̀ọ̀kan wà. Bí iná bá lọ kí ẹ tó tẹ Stop, fáìlì á tóbi rẹpẹtẹ, kò sì ní ṣí. Ẹ gbà á sí MKV, kí ẹ ṣe remux tó bá yá. Àwọn ẹ̀dà OBS tuntun tún ní Hybrid MP4, tí wọ́n ṣe nítorí irú èyí gan-an.

Ẹ má máa fa ohùn síwá-sẹ́yìn kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe é

Èyí ló ń jẹ àkókò àwọn èèyàn jù lójú tèmi. Ẹ fi fóònù ya ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ogójì ìṣẹ́jú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn àti ètè jọ ń lọ. Nígbà tó máa fi di ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ti ń yẹ̀ díẹ̀. Ní ìparí, ẹni náà ti pa ẹnu dé kí a tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń gé e á fa ohùn síwájú díẹ̀ kí ìparí lè bára mu, ìbẹ̀rẹ̀ á sì bàjẹ́. Á tún fà á padà. Báyìí ni ilẹ̀ á ṣe ṣú.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Bí àlàfo náà bá jẹ́ bákan náà níbi méjèèjì, ẹ fa ohùn náà, ó ti parí nìyẹn. Bó bá ń fẹ̀ sí i bí fídíò ṣe ń lọ, fífà kò lè wò ó sàn. Nínú MediaInfo, ẹ wá Frame rate mode. Bí ẹ bá rí Variable (iye tó ń yí) níbẹ̀, ọwọ́ ba olè. Fóònù àti ohun tí a fi ń gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kì í sábà ya iye frame kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré tàbí iṣẹ́ bá wọ fóònù lọ́rùn, iye yẹn á lọ sílẹ̀. Àwọn sọ́fítíwíà kan á máa ka frame náà bí ẹni pé iye kan ṣoṣo ni, ohùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀.

Ẹ gbé fáìlì náà gba inú HandBrake, sọ́fítíwíà tó ń yí fídíò padà, kọjá: ní apá Video, ẹ mú 30, tàbí iye tí fóònù yín fi ya fídíò náà, kí ẹ sì yan Constant Framerate. Kí ẹ tó gé ohunkóhun ni kí ẹ ṣe é o. Bí ẹ bá ti gé tán kí ẹ tó pààrọ̀ fáìlì, ibi tí ẹ ti gé e lè yẹ̀.

Ẹ má sì mú timeline (ojú ibi tí ẹ ti ń to fídíò) tó jẹ́ frame 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún fídíò tí a yà ní 30 torí pé ẹ gbọ́ pé 24 ni sinimá ń lò. Kamẹ́rà tó bá ń lọ láti apá ọ̀tún sí òsì á máa ta gíẹ́gíẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó.

Ẹ má ti bitrate gun òkè lásán

Bitrate ni iye dátà tí fídíò ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan; Mbps la fi ń kà á. Bitrate 50 kò lè dá ohun tí fáìlì bitrate 8 ti sọ nù padà. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bitrate lọ́nà iye ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹ fi 8 pín in, MB ló máa jáde. Fídíò ìṣẹ́jú 12 ní 50 Mbps á jẹ́ nǹkan bí 4.5 GB; ní 8 Mbps, nǹkan bí 720 MB. Ohun tí YouTube fúnra wọn dá lábàá fún 1080p lásán ni 8 Mbps bó bá jẹ́ frame 24 sí 30, àti 12 Mbps bó bá jẹ́ 48 sí 60; fún 4K, 35 sí 45 ní frame 24 sí 30. Èmi a máa fi díẹ̀ lé e, torí wọ́n á tún un fún pọ̀ lọ́hùn-ún, pàápàá bí ijó tàbí òjò bá wà nínú rẹ̀. Àmọ́ díẹ̀ ni mo wí.

Fáìlì 4.5 GB yẹn kan náà ni kò ní wọ fláàṣì tí wọ́n fi FAT32 (ọ̀nà kan tí fláàṣì ń gbà to fáìlì) ṣe. FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ti tó 4 GB, ì báà jẹ́ pé àyè 20 GB ṣì ṣófo lórí rẹ̀. ExFAT, ọ̀nà mìíràn, ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kó ẹrù inú fláàṣì kúrò kí ẹ tó sọ ọ́ di ExFAT, torí gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́.

Fídíò tó bá ti gba WhatsApp kọjá bí fídíò lásán, ẹ má fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó ni ín tún un fi ránṣẹ́ bí Document. Àmì (logo) tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo náà kò gbọ́dọ̀ jáde bí H.264, dúdú lẹ̀yìn rẹ̀ á dà. ProRes 4444, codec mìíràn, ń gba irú rẹ̀. Bí fídíò iPhone bá funfun ràì lórí timeline, ẹ má tíì fọwọ́ kan contrast. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ HDR (irú fídíò tó ń gba ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ju ti fídíò lásán lọ) ni wọ́n fi yà á, kí timeline yín sì jẹ́ Rec.709 (ìlànà àwọ̀ fídíò lásán); ẹ sọ fídíò náà di Rec.709 ná.

Ẹ má yọ sọ́fítíwíà kúrò torí pé export dúró

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ ṣe export náà lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ ṣọ́ ibi tó máa dúró. Bó bá tún dúró síbi kan náà, ẹ lọ síbẹ̀ lórí timeline: ẹ pa effect tó wà níbẹ̀, tàbí kí ẹ yọ ègé fídíò tó wà níbẹ̀, kí ẹ wá ṣe export ibi kékeré yẹn nìkan. Bó bá jáde, ẹ ti mú un. Bó bá sì ń dúró síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ wo àyè tó kù lórí díìsìkì àti bóyá kọ̀ǹpútà ń gbóná, kí ẹ sì yí encoding (fífún fídíò pọ̀ nígbà export) kúrò ní Hardware, tó ń lo káàdì àwòrán, sí Software, tí kì í lò ó. Á pẹ́ gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá parí láìdúró, díráfà (driver, sọ́fítíwíà tó ń darí) káàdì àwòrán ni kí ẹ lọ tún ṣe.