Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ wọ kíláàsì

Ìṣirò àti físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Ohun tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí jù ni pé áàpù wo ló dáa jù. Èmi náà á fi ìbéèrè fèsì: ibo gan-an ni ẹ̀kọ́ ọ̀hún ti há àwọn ọmọ yín lọ́rùn? Bí ẹ ò bá tíì mọ ibẹ̀, kò sí áàpù tó lè bá yín mọ̀ ọ́n. Ó kàn lè dá wọn lára yá ni.

Google Forms, fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí wọ́n ń kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi ń wá ibẹ̀. N kì í fi gba máàkì o. Ìbéèrè díẹ̀ tí wọ́n á dáhùn kí kíláàsì tó tú ti tó. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kíkọ àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Ẹ wo èyí: 3(x − 2) = 12, mélòó ni x? 6 ni. Àwọn mẹ́ta yòókù tí mo máa ń kọ mọ́ ọn ni 14/3, 2 àti 15, n kò sì ṣàdédé mú wọn. Ọmọ tó mú 14/3 sọ x di ìlọ́po mẹ́ta, ó gbàgbé 2 tó wà nínú àkámọ́, ó wá kọ 3x − 2 = 12. Ẹni tó mú 2 ṣí àkámọ́ dáadáa, ó dé 3x − 6 = 12, ṣùgbọ́n dípò kó fi 6 kún 12, ńṣe ló yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó mú 15 tiẹ̀ bá a dé 3x = 18, ibi tó yẹ kó ti fi 3 pín in ló ti yọ 3. Bó bá jẹ́ orí ìwé ni, òdo ni gbogbo wọn ì bá gbà, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe wọ́n yàtọ̀ síra. Forms máa ń fi hàn iye ọmọ tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kí n tó padà wọ kíláàsì ni mo ti mọ àwọn tí n ó pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó ń wá ohun tí wọ́n á lò. Fún ìṣirò, Khan Academy, ìkànnì ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ àṣedánrawò, kì í já mi kulẹ̀: ọ̀fẹ́ ni, bí ọmọ bá sì há, ó lè ní kó tọ́ òun sọ́nà ní ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Àmọ́ ẹ má kàn sọ fún ọmọ pé kó lọ síbẹ̀. Ẹ fún un ní líǹkì iṣẹ́ kan pàtó tó kan àṣìṣe rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kàn máa tẹ ibi tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ní ti físíìsì, PhET ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn ìkànnì àwọn eré tí ọmọ fi ń dán sáyẹ́ǹsì wò lójú ẹ̀rọ. Yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní 2002. Ẹ ṣí Circuit Construction Kit, eré tí wọ́n fi ń so wáyà iná, ẹ so bátìrì kan mọ́ gílóòbù méjì tó tò tẹ̀ léra. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan kan, ẹ ní kí wọ́n fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé: ṣé iná mànàmáná (current) tó ń gba inú wáyà jáde lára gílóòbù àkọ́kọ́ á kéré sí èyí tó wọ inú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń kọ pé bẹ́ẹ̀ ni, torí lójú tiwọn, gílóòbù ti jẹ lára rẹ̀. Ẹ wá fi ammeter, ohun tí wọ́n fi ń wọn current, sí iwájú àti sí ẹ̀yìn gílóòbù náà. Nọ́ńbà kan náà ni. Kíláàsì á pa rọ́rọ́, ẹnì kan á sì béèrè pé kí ni gílóòbù wá ń ná nígbà náà. Ọ̀rọ̀ agbára dé nìyẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì dá a sílẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó kọ èrò wọn, gbogbo wọn ni wọ́n á sọ pé àwọn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Fídíò ńkọ́? Kó kúrú. Ẹ sọ ìṣẹ́jú tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n á dúró, ẹ sì fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe lè dín eré rẹ̀ kù lórí YouTube, kí wọ́n sì tan ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀. Bó bá parí, kí wọ́n pa fóònù dé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, fi hàn pé àwọn tó ka ìwé lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń rántí púpọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju àwọn tó kàn ń tún un kà lọ. Àmọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè bọ́ sílẹ̀ nídìí fídíò kó ní òun ti gbọ́ ọ yé.

ChatGPT àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn, èmi kì í jẹ́ kí ọmọ fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n ó tẹ ìdáhùn tó fún mi síwájú wọn, n ó ní kí wọ́n máàkì í bí olùkọ́, kí wọ́n sọ ìlà tó ti ṣìnà àti ìdí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kò sì sí ọmọ tí kò gbádùn kó fi bírò pupa fa igi sára iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ rántí pé ẹni tí kò tíì pé 13 ọdún kò gbọdọ̀ lo ChatGPT, ẹni tí kò sì tíì pé 18 gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí.

Àwọn tí kò ní dátà kọ́ ló yẹ kó jìyà rẹ̀. Ẹ lè gba àwọn eré PhET tó jẹ́ HTML5 (irú tó ń ṣí nínú bíráúsà) sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kolibri, áàpù ẹ̀kọ́ tí àjọ Learning Equality ṣe, tún gba iṣẹ́ jùyẹn lọ: ẹ ó kó ẹ̀kọ́, títí kan ti Khan Academy, sórí kọ̀ǹpútà kan, àwọn ọmọ á sì fi fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì wọn so mọ́ ọn nípasẹ̀ Wi-Fi inú kíláàsì.

Kí ẹ tó fi líǹkì kankan ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí i lórí fóònù kékeré, ẹ ṣe é bí akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá béèrè fún orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ, ẹ wá òmíràn, tàbí kí ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí á máa fi wọlé dípò orúkọ rẹ̀. Ẹyọ kan ni kí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀ ní táàmù kan. Èyí tí wọ́n kò bá ṣí mọ́ àyàfi tí ẹ bá pàṣẹ, ẹ jù ú nù.