Àṣìṣe Tí Àwa Òbí Ń Ṣe Lórí Owó Eré Ìdárayá Yunifásítì Amẹ́ríkà

Láti oṣù kẹfà ọdún 2025 ni fóònù mi kò ti sinmi. Ẹnikẹ́ni nínú àwa Yorùbá tí ọmọ rẹ̀ bá ti ga díẹ̀, tàbí tó mọ eré sá, ìbéèrè kan náà ni: "Ṣé lóòótọ́ ni yunifásítì ń sanwó fún àwọn eléré ìdárayá báyìí?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún náà ni Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n fi parí ẹjọ́ House (orúkọ ọ̀kan nínú àwọn olùpẹjọ́ ni), tí àwọn eléré pe NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì ibẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje, ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ láàrin ọdún àkọ́kọ́, 2025 sí 2026.

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn èèyàn máa ń fò nínú gbólóhùn yẹn: "tó bá fẹ́" àti "lè". Mílíọ̀nù 20.5 yẹn, òpin ibi tí wọ́n lè pín in dé ni, kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni pín in tán. Ivy League, ìyẹn Harvard, Yale, Princeton àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ti sọ pé àwọn kò bá wọn dá sí i rárá. Àwọn wọ̀nyí kì í tiẹ̀ fi eré ìdárayá fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, òbí tó ń yọ̀ pé ọmọ òun wọ Harvard, ayọ̀ ńlá ni, ẹ yọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má retí owó bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Ẹ má sì ṣe fi iye eléré pín mílíọ̀nù 20.5 kí ẹ wá rò pé ìpín ọmọ yín nìyẹn. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ńlá ń tẹ̀lé ni pé nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń dé akoto gbá, ìdá 15 fún bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ọkùnrin, ìdá 5 fún ti obìnrin, ìdá 5 tó kù fún gbogbo eré yòókù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìdá 5 nínú mílíọ̀nù 20.5 jẹ́ mílíọ̀nù kan àti díẹ̀. Tí eléré 200 bá wà nínú "gbogbo eré yòókù" yẹn, eré sísá, wíwẹ̀, tẹ́níìsì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n bá sì pín in dọ́gba (wọn kì í pín in dọ́gba), kò pé 5,200 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, tí ilé ẹ̀kọ́ bá fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, ó lè yọ tó mílíọ̀nù 2.5 dọ́là lára àpapọ̀ náà fún un. Àwọn eléré obìnrin kan ti lọ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí mílíọ̀nù lọ́nà 2,800 dọ́là tí wọ́n fẹ́ fi san owó tí àwọn eléré àtẹ̀yìnwá pàdánù, wọ́n ní ìpín àwọn kéré jù lójú òfin. Tèmi ni pé wọ́n lẹ́jọ́.

Ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà nìyí. Tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 85. Wọ́n ti mú gbèdéke yẹn kúrò, wọ́n fi gbèdéke iye eléré rọ́pò rẹ̀: èèyàn 105. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n sọ pé gbogbo ẹni 105 náà ló máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin gbà á láyè ni o, kò pàṣẹ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ti ní ju 105 lọ ní láti dín wọn kù, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù láìgba kọ́bọ̀ sì ni ọ̀bẹ kọ́kọ́ bà. Ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àdéhùn náà ká kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń fi orúkọ kọ́nfárẹ́ǹsì yan ilé ẹ̀kọ́. "Big Ten ni wọ́n wà," "SEC ni wọ́n wà," bí ẹni ń sọ pé ọmọ òun ń gbá bọ́ọ̀lù nínú Premier League. Kọ́nfárẹ́ǹsì kò jọ bẹ́ẹ̀. Kò sí pé ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa ń gòkè tàbí pé èyí tó kùnà ń já wálẹ̀. Ẹgbẹ́ alájọ ló jọ: ilé ẹ̀kọ́ kóra jọ, wọ́n ń bá ara wọn díje, wọ́n sì ń ta ẹ̀tọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn pọ̀. Ọdún 1984 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ NCAA. Láti ìgbà náà, ibi tí owó tẹlifíṣọ̀n bá pọ̀ sí ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ṣí lọ.

Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, gba Yunifásítì Houston lọ lọ́dún 1980. Ó gbé wọn dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NCAA nígbà mẹ́ta, 1982, 1983 àti 1984. Southwest Conference ni Houston wà nígbà náà. Lọ́dún 1996 kọ́nfárẹ́ǹsì yẹn túká: Texas, Texas A&M, Baylor àti Texas Tech lọ bá àwọn mìíràn dá Big 12 sílẹ̀, wọ́n fi Houston sílẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo ògo Olajuwon kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọdún 2023 ni Houston tó wọ Big 12, lẹ́yìn ọdún 27. SMU, yunifásítì mìíràn tí wọ́n jọ fi sílẹ̀, dúró di ọdún 2024 kó tó wọ kọ́nfárẹ́ǹsì ACC, ó sì gbà pé òun kò ní gba owó tẹlifíṣọ̀n kọ́nfárẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ tún un kà: ọdún mẹ́sàn-án.

Ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wò ń gba ìpín kíkún. Oregon àti Washington wọ Big Ten lọ́dún 2024 pẹ̀lú nǹkan bí mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ́dún, ó sì kéré gan-an sí ti àwọn àgbà ilé. Stanford àti California gbà láti máa gba nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ACC fún ọdún méje. Bẹ́ẹ̀, àmì kọ́nfárẹ́ǹsì kan náà ni àwọn àti àwọn tó ń gba ìpín kíkún jọ lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Kọ́nfárẹ́ǹsì Pac-12 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bani lẹ́rù jù. Ọdún 1915 ni wọ́n dá a sílẹ̀. USC àti UCLA, yunifásítì méjì ní Los Angeles, kéde ní oṣù kẹfà ọdún 2022 pé àwọn ń lọ sí Big Ten. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, mẹ́wàá nínú méjìlá ti pinnu láti kó lọ, ó ku Oregon State àti Washington State. Ọmọ tó tọwọ́ bọ ìwé lọ́dún 2021 nítorí Pac-12 kò kúrò ní yàrá rẹ̀ tí kọ́nfárẹ́ǹsì fi tán mọ́ ọn lórí. Àwọn méjì tó kù ti kó àwọn bíi Boise State àti Gonzaga mọ́ra fún ọdún 2026. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó dáa, a ó máa wò ó.

Ẹ wo ìrìn àjò náà pẹ̀lú. Láti Los Angeles dé Rutgers ní New Jersey, inú Big Ten kan náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn tó Èkó sí Kairo, aago sì fi wákàtí mẹ́ta yàtọ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ń fi ọkọ̀ òfuurufú àdáni lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù ń gbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, ìdánwò kẹ́místrì sì ń dúró dè é. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń sáré fo igi ìdènà, lọ sí UTEP, yunifásítì kan ní El Paso, nínú Conference USA tí kò lówó tó àwọn ńlá yìí. Ibẹ̀ ló ti gba ife NCAA lọ́dún 2017. Nígbà tó sá ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene lọ́dún 2022, tó gba àmì ẹ̀yẹ ayé, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè orúkọ kọ́nfárẹ́ǹsì rẹ̀.

Ẹ má da owó tí ilé ẹ̀kọ́ ń pín pọ̀ mọ́ NIL. NIL, láti ọdún 2021, ni owó tí àwọn ará ìta ń san láti lo orúkọ àti àwòrán eléré. Èyí tó bá tó 600 dọ́là gbọ́dọ̀ gba abẹ́ àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní NIL Go kọjá báyìí, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá fẹnu ṣàdéhùn pé "oníṣòwò kan máa fún un ní báyìí" kò tíì ṣe àdéhùn kankan. Owó méjèèjì ló ní owó orí, wọn kì í sì í sábà yọ ọ́ kí wọ́n tó san án, nítorí náà kí ọmọ má ná an tán.

Ti ẹni tó gba físà F-1 wá láti ilé ló gbẹgẹ́ jù. Físà ìwé kíkà ni, kì í ṣe ti iṣẹ́, àdéhùn ẹjọ́ House kò sì yí ìyẹn padà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tó ń gbá alájùsáwọ̀n fún Kentucky nígbà náà, fi ṣe iṣẹ́ NIL tirẹ̀ ní Bahamas nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́dún 2022, lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Ajẹ́ǹtì tó bá sọ fún yín pé "gbogbo wọn ló ń ṣe é," ọmọ tirẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa dá padà. Kí ọmọ kó ìwé àdéhùn náà lọ bá òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé ẹ̀kọ́, kó sì fi han lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú, nígbà tí kò tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́, tí owó kò tíì wọ àkáǹtì.