Bí A Ṣe Ń Kó Webspinner Pamọ́ Kí Ó Lè Wúlò ní Mùsíọ́mù

Ara èèpo igi tó ti gbó ni mo ti ń wá webspinner, ìyẹn kòkòrò kékeré kan tó ń hun ohun bí òwú tó ń gbé inú rẹ̀, pàápàá nínú oko kòkó lọ́nà Ìdànrè. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú aláǹtakùn tó tẹ́ sára igi, ẹ fi ọ̀bẹ ṣí èèpo náà díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tó wú ló fi ń hun ún. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló máa fi sá wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí ẹ rì bọ sípírìtì ni kí ẹ fi mú un.

Akọ tó ti dàgbà ni kí ẹ wá. Ìdí rẹ̀, ìyẹn ìparí ikùn rẹ̀, la fi ń mọ irú tó jẹ́, torí ẹ̀gbẹ́ òsì ibẹ̀ kì í bá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mu. Bí ọmọ nìkan lẹ rí, ẹ kó wọn sínú ike pẹ̀lú èèpo igi àti ewé gbígbẹ títí wọn yóò fi dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni Edward S. Ross, onímọ̀ kòkòrò ti California Academy of Sciences, ṣe máa ń ṣe é nígbà ayé rẹ̀.

Sípírìtì ìdá 70 nínú 100 ni kí ẹ rì wọ́n sí. Ògógóró lè gbà yín sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò abẹ́rẹ́ tí ẹ fọ̀ dáadáa ti tó. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un kí ó gbẹ, torí ìdí rẹ̀ á wúnjọ.

Ìwé pélébé tí a ń kọ ibi tí a ti mú kòkòrò sí, tí a ń fi sínú ìgò, ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́! Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fi báírò kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, sípírìtì ti di búlúù fẹ́rẹ́, ìwé sì funfun báláú. Akọ méje, kò sẹ́ni tó mọ oko tí wọ́n ti wá mọ́. Ẹ má sì lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn ìgò, sípírìtì tó bá kán sí i á ṣí i kúrò.

Ẹ kọ orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀, ìlú, oko, irú igi, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó mú un. Ẹ fi nọ́ńbà Róòmù kọ oṣù, bíi 4.VI.2024, torí ará Amẹ́ríkà á ka 4/6 sí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin. Nínú àwọn holotype àtijọ́, ìyẹn òkú kòkòrò kan ṣoṣo tí wọ́n gbé orúkọ irú rẹ̀ lé, àwọn kan wà tí ìwé wọn kò sọ ju orúkọ ilẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ mú òmíràn wá fi wé e kò mọ igbó tí yóò wọ̀.

Holotype ni wọ́n ń fi ìwé pupa sí. Funfun ni kí ẹ lò. Ẹ máa yẹ ìgò wò lóṣooṣù, kí ẹ bu sípírìtì kún un.