Bí A Ṣe La Ọ̀nà fún Ẹja Lábẹ́ Títì Kan ní Maine

Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ń gbé, wọ́n wó dáàmù Great Works ní 2012 àti ti Veazie ní 2013 kí ẹja salmon lè tún máa ti òkun gòkè nínú odò Penobscot. Ṣùgbọ́n ní àwọn odò kéékèèké, páìpù kan ṣoṣo tí wọ́n rì sábẹ́ títì ti tó láti dá ẹja dúró, irú rẹ̀ sì ni èmi àti àwọn mìíràn yọ̀ǹda ara wa láti mú kúrò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, mo wọn ooru omi nísàlẹ̀ títì, ó jẹ́ 21 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lókè, nínú igbó tó ṣíji bò ó, ó jẹ́ 16. Omi tó bá ti kọjá 20 a máa ni ẹja brook trout lára, nítorí náà, bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i, òkè yẹn ni yóò máa sá lọ. Ẹnu páìpù sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju omi lọ. Mo rí ẹja kan tí kò gùn ju ìka mi lọ: ó fò, ó já bọ́, ó tún fò. Ó dùn mí wọra.

Wíwọn odò ló gba sùúrù jù, òun sì ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. A kò wọn ìtòsí páìpù, nítorí páìpù ti ba ìrísí odò jẹ́ níbẹ̀. A rìn jìnnà sókè, a wo ibi tí omi máa ń kún dé kó tó ya wọ igbó, a sì na tẹ́ẹ̀pù láti etí kan dé èkejì níbi mẹ́wàá. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10. Ìlànà Stream Smart tí à ń lò ní Maine ní kí àyè omi fẹ̀ tó ìlọ́po 1.2 ìbú odò, ìyẹn 12. Ẹsẹ̀ bàtà 3 péré ni páìpù náà! Abájọ tí omi fi ń tú jáde níbẹ̀ bí ọfà, tí òjò ńlá sì ń wọ́ títì lọ.

Nígbà tí omi fà ní oṣù Kẹjọ, a fi àpò iyanrìn sé e, a fi àwọ̀n kó ẹja lọ sísàlẹ̀, katapílà sì hú páìpù náà. Afárá tí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí omi ń gba orí ìsàlẹ̀ odò gan-an kọjá lábẹ́ rẹ̀, la fi rọ́pò rẹ̀. Èmi ni mo to òkúta sísàlẹ̀ odò. Mo tò ó tẹ́jú, ọ̀gá wa sì ní kí n tú u, nítorí omi yóò tàn ká lórí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹja kò sì ní rí ibi tó jìn tó láti lúwẹ̀ẹ́. Mo wá la ipa tóóró sí àárín.

Ní oṣù Kẹwàá, mo dúró lórí afárá náà, mo sì rí abo brook trout kan lápá òkè, tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tó ń fi ìrù gbá òkúta wẹẹrẹ kúrò níbi tí yóò yé sí.