Bí Aboyún àti Ìyá Ọlọ́mọ Tuntun Ṣe Lè Máa Ṣọ́ Ìwọ̀n Ara Wọn

Bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé oyún ti dúró, má dúró kí ikùn yọ kó o tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù. Lọ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì máa ní kó o gun òṣùwọ̀n, tí yóò sì kọ iye rẹ̀ sínú káàdì. Iye yẹn la ó máa fi wo gbogbo ìyókù, torí náà bọ́ bàtà, tú gèlè, gbé báàgì sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, fi gíga rẹ ní mítà pín ìwọ̀n rẹ ní kílò, kó o tún fi gíga náà pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin tó wọn kílò 60, tó ga ní mítà 1.6, yóò rí nǹkan bí 23.4. Ẹni tó bá bọ́ sáàárín 18.5 sí 24.9, kílò 11.5 sí 16 ló yẹ kó fi kún un títí dọjọ́ ìkúnlẹ̀. Tí kò bá tó 18.5, kílò 12.5 sí 18 ni. 25 sí 29.9, kílò 7 sí 11.5, 30 sókè, kílò 5 sí 9. Oyún ìbejì ní ìṣirò tiẹ̀, béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Oúnjẹ gan-an ni wàhálà wà. Ìyá ọkọ á ní ẹni méjì lò ń jẹun fún, wọ́n á sì tún bu àmàlà sí i. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò béèrè àfikún kankan. Láti oṣù kẹrin, mọ́ínmọ́ín kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lórí oúnjẹ òòjọ́ rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́, ẹyin àti ẹja pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n má febi pa ara rẹ nítorí kọ́mọ má baà tóbi o! Bí èébì kò bá sì jẹ́ kí omi pàápàá dúró nínú rẹ, ọsibítù ló kàn.

Bí ìwọ̀n rẹ bá ṣàdédé fò sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ojú àti ọwọ́ wú, tí orí ń fọ́ ọ tàbí ojú rẹ ń ṣú, lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè ni. Ẹni tó bá ní bí oyún ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn, má dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tó o bá bí, ọmọ, ibi ọmọ àti omi ara á gbé nǹkan bíi kílò márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ikùn á ṣì yọ, torí ilé ọmọ máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó sún kì. Ọ̀já tí wọ́n fi ń di ikùn kì í yọ́ ọ̀rá. Bó o bá fẹ́ dì í, má fún un pinpin. Omi gbígbóná tí wọ́n fi ń tẹ ikùn kò gbọ́dọ̀ kan ojú iṣẹ́ abẹ.

Má fi mọ́ọ̀tì (malt) inú ìgò tàbí agolo kún oúnjẹ nítorí omi ọyàn. Ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmú tí ọmọ ń fà ló ń mú omi ọyàn wá, ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí méjìlá lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí dókítà bá ti yẹ̀ ọ́ wò, máa rìn dáadáa. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan ti tó láti fi sílẹ̀. Tíì ìfọnra kò sí fún abiyamọ.

Ọmọ náà máa ń fọn díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Má tìtorí ìyẹn fún un ní omi gúlúkóòsì. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò tíì padà sí ìwọ̀n tí wọ́n bí i, gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì kó wo bó ṣe ń mu ọmú.