Ààrò tó fẹ́ ba òkúta Pyrenees mi jẹ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo: kí n ka òòfà àtijọ́ tó wà nínú òkúta. Ààrò láàbù tí mo lọ lò ni kò dára, síbẹ̀ wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Inú ń bí mi títí di ìsinsìnyí.

Òkúta oníyanrìn pupa ni mo kó láti òkè Pyrenees, lápá Spéìn. Ó ti lé ní 250 mílíọ̀nù ọdún. Nígbà tí hematite, ohun onírin tó sọ ọ́ di pupa, ń hù nínú rẹ̀, òòfà hematite náà tẹ̀lé ibi tí òòfà ayé kọjú sí nígbà yẹn. Bí ilẹ̀ bá yí, òkúta á bá a yí, ìtọ́ka rẹ̀ á sì yà. Ọ̀nà yìí la fi mọ̀ pé nígbà tí òkun Biscay, tó wà láàárín Faransé àti Spéìn, ń là, ilẹ̀ Spéìn àti Pọ́rtúgàl yí ní nǹkan bí 35°, lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ègé àpáta tèmi tún yí ju ìyẹn lọ nígbà tí òkè ń ká jọ.

Gbígbẹ́ òkúta ò le: dírílì, omi, kọ́ńpáàsì.

Ààrò ni wàhálà; òun la fi ń sun òòfà tó wọ òkúta lẹ́yìn náà kúrò, kí ti àtijọ́ lè hàn. Hematite kì í tú òòfà rẹ̀ sílẹ̀ tán àfi bí iná bá sún mọ́ 680°C. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń gbé iná náà sókè: a ó sun òkúta, a ó jẹ́ kó tutù, a ó wọn òòfà rẹ̀, a ó tún sun ún. Ibi tó ti ń tutù ò gbọdọ̀ ní òòfà kankan, torí bí òkúta gbígbóná ṣe ń tutù ló ń gba òòfà tuntun sára. Nígbà tí mo kọjá 400°C, ìlà tí mo fi ń ya àwọn òòfà tí mo wọ̀n, tó yẹ kó máa lọ tààrà síbi òdo, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ọ̀gá láàbù ní òkúta mi ni kò dáa. Mo ní irọ́ ni! Mo wá ń gbé òkúta sínú ààrò pẹ̀lú orí níwájú, tó bá tún kàn, orí á wà lẹ́yìn. Bí mo ṣe ń yí i ni ìlà ń ta sọ́tùn-ún, tó ń ta sósì. Òkúta tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ò lè mọ̀ pé mo yí òun. Ààrò ló ń fi òòfà tirẹ̀ sí i lára. Mo ti ẹ̀rọ tó ń wọn òòfà bọ inú rẹ̀, nọ́ńbà tó yọ jìnnà sí òdo. Irin tí wọ́n fi bò ó kí òòfà ayé má baà wọlé ti di òòfà fúnra rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Òkúta tí wọ́n ti sun ò ṣeé dá padà. Ohun tó kó mi yọ ni pé mo gé ọ̀pá òkúta kọ̀ọ̀kan sí méjì, mo sì tọ́jú ìdajì. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ààrò ṣe, ìdajì yẹn lọ tààrà, ó dùn ún wò! Nígbà tí mo fi kọ̀ǹpútà tẹ́ àwọn ìpele àpáta tó ti ká náà padà sí pẹrẹsẹ, gbogbo ìtọ́ka wọn kó jọ sójú kan. Ìdánwò tí Graham, onímọ̀ nípa òòfà òkúta, gbé kalẹ̀ ní 1949 nìyẹn, òkúta mi sì yege: òòfà rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí òkè tó ká.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe é, ẹ ní kí wọ́n wọn inú ààrò lójú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ máa yí òkúta yín padà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ìlà bá wọ́. Ìdajì kejì, ẹ jẹ́ kó wà nílé yín, kì í ṣe ní láàbù wọn.