Ìwé àṣẹ tó fẹ́ dá mi padà ní Òkè Nimba

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó ìwé àṣẹ kí n tó fojú kan ọ̀pọ̀lọ́ tí mo tìtorí ẹ̀ lọ sí Òkè Nimba, ó sì ń dùn mí wọra títí di ìsinsìnyí.

Nimbaphrynoides occidentalis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í yé ẹyin bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Oyún ló ń ní, fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, yóò sì bí ọmọ tó ti di ọ̀pọ̀lọ́ tán. Kò sí níbòmíràn láyé àfi lórí òkè yìí, níbi tí Gínì, Côte d'Ivoire àti Làìbéríà ti pààlà. Pápá koríko òkè lọ́hùn-ún ló fẹ́ràn; ṣóńṣó òkè náà ga tó 1,752 mítà.

Láti ìlú N'Zérékoré dé Lola ní Gínì, mọ́tò ni ẹ máa wọ̀, ẹ ó dé. Ọ̀rọ̀ ìwé ni kí ẹ gbọ́.

Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ gbowó mi, wọ́n lu ìwé ní òǹtẹ̀, wọ́n ní ó parí. A dé ẹsẹ̀ òkè, ẹ̀ṣọ́ kà á, ó ní igbó ìsàlẹ̀ nìkan ló wà fún. Ẹlòmíì ló ń fọwọ́ sí ti pápá orí òkè, onítọ̀hún ò sì sí nílé.

Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. "Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá ń bọ̀." Owó hòtẹ́ẹ̀lì ń lọ, owó afinimọ̀nà ń lọ. Oṣù kẹsàn-án la wà. Tó bá di oṣù kọkànlá tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ yìí ń wọ̀, ó di ìgbà òjò kó tó jáde. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò dá mi lóhùn. Nígbà tí ọ̀gá dé, odindi owó ni wọ́n tún gbà. Wọn ò yọ kọ́bọ̀ kúrò nítorí ti àkọ́kọ́.

Pé wọ́n le mọ́ àlejò, mo fara mọ́ ọn. Látọdún 1992 ni UNESCO ti ka ibẹ̀ mọ́ àwọn ogún ayé tó wà nínú ewu, àwọn awakùsà sì ti wa irin gidi lápá Làìbéríà. Àmọ́ kí èèyàn ta ìwé tí kò ní débẹ̀ fún àlejò, èwo nìyẹn nínú ààbò?

A gòkè nínú kùrukùru. Afinimọ̀nà nawọ́ sí ìdí koríko kan, mo sì dọ̀bálẹ̀ sínú omi: òun nìyẹn, kò gùn tó àtàǹpàkò mi! Mi ò fọwọ́ kàn án. Fọ́tò tí mo yà mọ́ kedere débi pé ẹ lè ka àmì ara ẹ̀. Mo fi yangàn.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ "pápá orí òkè" sínú ìwé kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì bèèrè ẹni tó ń fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tó máa wà nílé. Ẹ fọ bàtà yín dáadáa kí ẹ tó gòkè, torí àrùn tó ń pa àkèrè àti ọ̀pọ̀lọ́ máa ń bá ẹrẹ̀ rìn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Tèmi wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n dá owó àkọ́kọ́ padà.